Orúkọ ẹ̀ ni mi ò mọ̀: bí mo ṣe ń wá èròjà oúnjẹ tó ṣọ̀wọ́n láàárín ìlú ńlá

Ọmọ mi obìnrin kejì ló kó mi sí i. Ó lọ jẹun nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀, nígbà tó dé kò jẹ́ ká gbádùn mọ́: "Mọ́mì, ẹ se irú ọbẹ̀ tí wọ́n fún mi jẹ yẹn." Ojú ń tì mí láti pe ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀, mo bá lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ewé fenugreek gbígbẹ ló ń fún un ní òórùn yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. "Fenugreek? Rárá o." Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo lọ ra ìrẹsì níbi tí mo ti ń rà á láti bí ọdún mẹ́fà, mo sì fi àwòrán ewé náà han màmá tó ń gba owó. Ó wo fóònù mi, ó wo ojú mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé methi lò ń wá látọjọ́ yìí?"

Páálí ẹ̀ ló wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì, èyí tí mo máa ń fẹsẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó ríbi dúró gbé àpò. Màmá já ọ̀kan fún mi, mo gbé e símú: òórùn ṣúgà tó ń jóná díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ìkorò díẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbọ́ òórùn yẹn ní ṣọ́ọ̀bù náà, mo rò pé òórùn ilé ni.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kí ń jáde nílé láì kó orúkọ jọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀. Èròjà kan lè ní orúkọ mẹ́rin, márùn-ún, kí ẹni tó ń tà á sì mọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ewé tí àwọn kan ń pè ní coriander ni àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ń pè ní cilantro, òun náà ni àwọn ará Íńdíà ń pè ní dhania. Asafoetida, oje gbígbẹ kan tó ń rùn gan-an, ni hing. Àjàgbọn ni imli, òun ni tamarind. Kóró dúdú wínníwínní kan tún wà tí wọ́n ń pè ní kalonji, tí àwọn míì ń pè ní black cumin, tí àwọn míì tún ń pè ní kóró àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ òun àti àlùbọ́sà ò bára tan rárá. Ibi tí èmi ti wá rí i ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta Kùránì àti tẹ̀sùbáà, nítorí pé habbatus saudaa ni àwọn Mùsùlùmí ń pè é, oògùn ni wọ́n sì kà á sí. Ìdí oúnjẹ ni mo ti ń wá a, ìdí oògùn ló jókòó sí.

Ẹ kọ gbogbo orúkọ náà sílẹ̀. Bí ẹni tó ń tajà bá ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀, bíi ti Ṣáínà tàbí ti Lárúbáwá, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ kàn nà án sí i. Mo ti rí i pé ẹni tó ní "rárá" fún ẹnu mi máa ń ní "ó wà" fún fóònù mi.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ Látìnì méjì yẹn. Mo mọ̀ pé ó dà bí àṣejù. Àmọ́ mo ti lọ ra igi "curry" lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òdòdó rí, tí mo gbìn ín sójú fèrèsé, tí mo já ewé ẹ̀ sínú epo gbígbóná. Ìkorò lásán ni. Helichrysum italicum ni mo rà, òdòdó tó kàn ń rùn bíi curry. Murraya koenigii ni ewé tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Tèmi ba oúnjẹ jẹ́ ni, ó tún ní èyí tó lè ba èèyàn fúnra ẹ̀ jẹ́: star anise, èròjà olóòórùn tó rí bí ìràwọ̀. Èyí tí à ń jẹ ni Illicium verum. Ó ní ìbátan kan, Illicium anisatum, tó jọ ọ́ débi pé ojú lásán ò lè yà wọ́n, májèlé sì ni. Torí náà, ẹ má ra èyí tí wọ́n dà kalẹ̀ láì ní àkọlé lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Ó kan ibi tí ẹ máa lọ. Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tó ń tà kíákíá ni wọ́n ń kó. Ẹ wá ibi tí àwọn tó ń jẹ nǹkan náà ti ń gẹrun, tí wọ́n ti ń jọ́sìn, tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wọn kì í jìnnà síbẹ̀. Tí ẹ bá wọlé, ẹ má bi ọmọ tó ń to ọjà, kò kí ń sábà mọ̀. Ẹ wo ìyá àgbà tó ń fọwọ́ tẹ ewé wò, tó ń gbé e símú, tó ń dá a padà. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í. Ìgbà míì, á mú yín lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, á sì tún sọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún yín, ẹ ṣáà ní sùúrù.

Alásè ilé oúnjẹ náà mọ̀, àmọ́ ẹ má lọ ní ọ̀sán gangan tí iná ń jó o lójú. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ni ara máa ń tù wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ ra oúnjẹ jẹ, kí ẹ tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń rà á. Búrẹ́dì la máa ń rà lọ́dọ̀ aṣebúrẹ́dì, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn á ta yeast tútù díẹ̀ fún yín. Àwọn tó ń ta ohun èlò fún ẹni tó ń pọn bíà nílé ní málítì àti citric acid. Alápatà náà, tí ẹ bá sọ fún un ṣáájú, á bá yín tọ́jú ọ̀rá àti ìfun tí kì í pàtẹ.

Dípò "ṣé ẹ ní i?", ohun tí mo máa ń béèrè lórí fóònù ni "ọjọ́ wo ni ẹrù tútù ń dé?" Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ń ná, Ọjọ́bọ̀ ni tiwọn. Tó bá fi di ọjọ́ Ajé, ewé tó kù ti dúdú létí. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má tíì jáde, ẹ wo inú fíríísà, pàápàá ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ewé pandan, ewé makrut lime àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń sùn sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí páálí sẹ́yìn kí ẹ ka ohun tó wà nínú ẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Wasabi ni àwọn ará Jàpáàn fi ń mú oúnjẹ ta lẹ́nu, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, horseradish, mustard àti aró aláwọ̀ ewé ló pọ̀ nínú ẹ̀. Hing lúbúlúbú máa ń ní ìyẹ̀fun àlìkámà, kí ẹni tí àlìkámà ń bá jà ṣọ́ra. Tó bá jẹ́ saffron, fọ́nrán òdòdó gbígbẹ yẹn, ẹ ju fọ́nrán méjì sínú omi gbígbóná: ojúlówó á máa tú àwọ̀ ìyeyè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fọ́nrán fúnra ẹ̀ á ṣì pupa. Èyí tí wọ́n rẹ láró á tú pupa lẹ́ẹ̀kan, á sì ràn. Ti ìyẹ̀fun àgbàdo ni mi ò lè gbàgbé. Mo ra ti lásán láti fi ṣe tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ti àwọn ará Mẹ́síkò, gbogbo ẹ̀ fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, àlejò sì ti jókòó. Masa harina ló yẹ kí n rà: àgbàdo tí wọ́n ti fi omi àti calcium hydroxide sè kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Èyí ló ń jẹ́ kó dì mọ́ra.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ ò ní rí, òfin ló fà á. Láti 1968 títí di 2005, Amẹ́ríkà kò gba ata Sichuan ti Ṣáínà wọlé, torí pé ìdílé kan náà ni òun àti ọsàn, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí ó má kó àrùn citrus canker wọ oko ọsàn wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ooru iná pa kòkòrò àrùn náà. Tí gbogbo àwọn tó ń tà á bá ní kò sí, tí ojú wọn ò sì dúró síbì kan, ẹ lọ wo òfin kí ẹ tó máa rìn kiri.

Ní ti fífi nǹkan kan rọ́pò òmíràn, mi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ata ilẹ̀ rọ́pò galangal, gbòǹgbò tí àwọn ará Táílándì fi ń se ọbẹ̀, kí ẹ wá sọ pé ọbẹ̀ náà ò dára. Wọ́n jọra lójú ni, kì í ṣe lẹ́nu.

Tí ẹ bá wá rí i, ẹ ra èyí tó pọ̀ díẹ̀. Ewé Murraya koenigii, tí ẹ bá sá a, òórùn ẹ̀ á lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, ó di fíríísà, kí ẹ sì kọ orúkọ sára ọ̀rá náà. Èmi ò kọ ọ́ nígbà kan, ọkọ mi ló fi pandan mi se tíì. Ó ní ó dùn.