Bí a ṣe ń fi aago mọ bí ọkọ̀ ojú omi yóò ṣe ṣe nínú ìgbì

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Apápá bọ́ sójú òkun, ẹ mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń fì. Àjọ IMO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, gba ọ̀nà yìí láyè fún ọkọ̀ tí kò gùn ju mítà 70 lọ, láti fojú díwọ̀n ìdúró rẹ̀.

Ẹ di ẹrù sí i bó ṣe máa rìn gan-an, tepo-tomi. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi tí omi dé lára rẹ̀. Tépù ló dáa, àmọ́ okùn tí kì í fà náà á ṣe é.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí àwọn ọkọ̀ èrò Ìkòròdú tó da omi rú. Ẹ dẹ okùn èbúté, kí omi jìn dáadáa lábẹ́ ọkọ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí wọ́n jọ máa sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì títí ọkọ̀ á fi máa fì, kí wọ́n wá dúró láàárín.

Kíkà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Fífì kan ni àtọ̀tún lọ sósì, kó tún padà sọ́tùn-ún. Ọ̀pọ̀ ń ka àlọ ní ení, àbọ̀ ní èjì. Ẹ wo ewu rẹ̀: ẹ fi 0.8 lọ́po ìbú, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá fífì kan pín in, kẹ́ ẹ fi èsì náà lọ́po ara rẹ̀. GM nìyẹn, òun ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe lágbára tó láti nàró padà. Ọkọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 6, tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 6 fì, GM rẹ̀ jẹ́ mítà 0.64. Ẹni tó ka ìdajì á rí 3, á sì gba 2.56: ìlọ́po mẹ́rin òótọ́! Á rò pé ọkọ̀ náà lágbára, á kó ẹrù sókè rẹ̀, ìgbì á sì dojú ọkọ̀ dé.

Nítorí náà, ẹnì kan ní èbúté ni kó máa wo òpó ọkọ̀. Bí kò bá sí òpó, ẹ so ọparun ró. Ìgbà tó bá dé òpin ọ̀tún nìkan ni kó pariwo. Ariwo àkọ́kọ́ kì í ṣe ení o, ibẹ̀ ni ẹnì kejì ti tẹ aago fóònù. Ẹ ka fífì márùn-ún, ẹ fi 5 pín iye ìṣẹ́jú àáyá tí aago kà, kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má sì jẹ́ kí fífì jẹ́jẹ́ tàn yín. Èrò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń pẹ́ kó tó padà, GM rẹ̀ ti kéré.

Lójú òkun, ẹ ka àkókò tó wà láàárín orí ìgbì kan sí èkejì nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Bẹ́ ẹ bá kojú ìgbì, ó ń yá, bó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín, ó ń pẹ́. Tó bá súnmọ́ àkókò fífì yín, ìgbì kọ̀ọ̀kan á máa fi kún fífì náà. Ẹ yí orí ọkọ̀ tàbí eré rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀.