Bí ẹ ṣe lè wo Stand by Me kó dùn dójú àmì

Ẹ pe ọ̀rẹ́ kan tí ẹ jọ ṣeré dàgbà. Fíìmù tí Rob Reiner darí lọ́dún 1986 yìí kì í ṣe ohun àdáwò. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ló ń rin ojú irin rélùwéè ní Oregon, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1959, tí wọ́n ń wá òkú ọmọ kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà ńbẹ̀ o, èébú inú ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ tètè jẹun tán kó tó dé ibi ìdíje jíjẹ páì. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n dáná sí lóru ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Chris, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ lòun jí owó mílíìkì iléèwé, àmọ́ òun dá a padà fún tíṣà. Tíṣà wá fi ra síkẹ́ẹ̀tì tuntun, orúkọ olè sì lẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. River Phoenix ló ṣe Chris. Ẹkún ẹ̀ ò jọ eré rárá. Gordie, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbọ́ ọ, ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, ìdí tí fíìmù yìí ò fi gbó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí orin Ben E. King tó gbẹ̀yìn fíìmù náà parí kẹ́ ẹ tó pa tẹlifíṣàn. Ọ̀rẹ́ yín á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbà èwe. Ẹ jẹ́ kó rò ó tán, kódà bó bá fi irọ́ díẹ̀ sí i.