Bí mo ṣe tọ́jú ìrora ajá mi lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀

Ọkọ̀ ló gbá Adúmáadán. Egungun rẹ̀ kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láàárín ọrùn àti ẹsẹ̀ iwájú òsì ti já, ẹsẹ̀ náà wá ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ tútù. Dókítà ẹranko fún ọmọ ìka rẹ̀ pinpin, ajá náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ibi tí ẹsẹ̀ náà fi ń wọ́ ti bó, ó ti di egbò. Dókítà ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì yọ egungun èjìká rẹ̀ pẹ̀lú, kó má baà ku kùkùté tí yóò máa gbá nǹkan kiri. Mo gbà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ: bí mo ṣe ń mọ ìgbà tí ìrora mú un, àti ohun tí mo ń ṣe sí i.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tó dé ilé, ó ń ké láìdákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń gbó o, igbe tín-ín-rín ni, bíi ti ọmọ ajá tó ń wá ìyá rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò wojú mi. Ojú rẹ̀ ranjú, ó ń wo ògiri. Ó ń ṣe mí bíi kí n fún un ní oògùn mìíràn lé èyí tó ti lò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ pe dókítà. Ó bi mí pé tí mo bá rọra fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà, ṣé ó máa ń yíjú wò mí, àbí igbe rẹ̀ máa ń le sí i? Mo ní rárá, bákan náà ló ń ké. Ó ní kì í ṣe ìrora, pé abẹ́rẹ́ líle tí wọ́n fún un, èyí tó bá mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, tan, ni kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí n dín iná kù, kí n jókòó tì í, kí n má sì fi oògùn kún oògùn. Mo gbọ́wọ́ lé e níkùn títí. Nígbà tí ìdájí fi máa mọ́, ó ti sùn.

Alẹ́ kejì ni mo ṣàṣìṣe. Oògùn méjì ni wọ́n kó fún wa: carprofen fún wíwú àti ìrora, tí yóò máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ, àti gabapentin fún ìrora tó ń ti inú iṣan wá, ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Nígbà tí agogo méjì òru lù, ó ń sùn fọnfọn, àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò jí i. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, mo bá a níjòókòó. Kò ké rárá. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹ bẹ́ẹ̀ ooru kò mú, kò sì fẹ́ dùbúlẹ̀. Oorun á gbé e, orí rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, á tún yára gbé e sókè. Mo gbé oúnjẹ sí iwájú rẹ̀, ó yíjú kúrò. Odindi ọjọ́ kan ló gbà kí ìrora yẹn tó rọlẹ̀. Ìrora tó bá ti ráyè gòkè ṣòro í lé padà ju èyí tí a kò jẹ́ kó gòkè lọ. Inú bí mi sí ara mi gan-an, torí pé mo dúró de igbe kí n tó gbà pé nǹkan ń dun ajá mi. Láti òru ọjọ́ yẹn, aago ni mo ń tẹ̀ lé, yálà ó sùn tàbí kò sùn.

Mo wá ra ìwé pélébé kan. Mo ń kọ àkókò oògùn sí i, oúnjẹ tó jẹ, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, àti iye ìgbà tó mí láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá sùn. Ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ máa ń mí bíi ìgbà 15 sí 30. Lọ́jọ́ kejì yẹn, ti Adúmáadán lé ní 40. Mo tún ń kọ àwọn nǹkan kéékèèké: ṣé ó ki ìrù bọ abẹ́, ṣé ó ń wò mí lójú, ẹ̀gbẹ́ wo ló fi lélẹ̀. Nígbà tí mo bá pe dókítà, mi ò ní í sọ pé "ó dà bíi pé ara ń ni ín". Ohun tó wà nínú ìwé ni mo máa ń kà fún un, ìyẹn ló sì fi ń mọ ohun tó yẹ kó yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ajá ní oògùn ìrora tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò. Ẹnì kan tó fẹ́ràn wa dáadáa gbé ibuprofen wá fún mi. Oògùn yẹn lè dá ọgbẹ́ sí ajá nínú, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Gabapentin olómi tí wọ́n ṣe fún ènìyàn náà ń fẹ́ àkíyèsí, torí pé òmíràn ní xylitol nínú, adùn tó jẹ́ májèlé fún ajá. Hóró ni tiwa, mo sì máa ń fi ẹran díẹ̀ bò ó. Carprofen pàápàá ní tirẹ̀: bí ajá bá ń bì, tí kò jẹun mọ́, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ẹ dá a dúró, kí ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Gabapentin máa ń mú un tòògbé, ó sì máa ń mú un ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Èyí kò yẹ kó já yín láyà.

Kò yàgbẹ́ títí di ọjọ́ kẹrin. Mo ti ń bẹ̀rù, àfi ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ líle yẹn máa ń mú ìfun lọ́ra, àti pé kò jẹun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ náà.

Ọgbẹ́ náà gùn ju bí mo ṣe rò lọ, láti ẹ̀yìn ọrùn dé àyà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ń fi aṣọ wé yìnyín, mo ń gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, abẹ́ àyà rẹ̀ dúdú, ó pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó kó jọ sábẹ́ awọ ló ń ṣàn wálẹ̀. Omi tún kó jọ sí ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n rán, ó rọ̀ bíi bàlúùnù, kò gbóná. Dókítà ní ká fi sílẹ̀, ara á fà á mu. Ohun tó ní kí n máa ṣọ́ ni ooru, ọyún, òórùn, tàbí kí ojú ibi tí wọ́n rán là. Ike tó rí bí àrọ wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ péré tó ajá láti fi eyín tú okùn ọgbẹ́. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n yọ okùn náà.

Ilẹ̀ ilé ló tún dà mí láàmú. Táìlì máa ń yọ̀, ajá tó bá sì ń yọ̀ nígbà gbogbo á máa na iṣan tí kò tíì san. Mo tẹ́ ẹní rọ́bà láti ibùsùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ ga dé ìwọ̀n àyà, torí pé tó bá tẹ orí ba, ṣe ló ń ṣubú síwájú. Tó bá fẹ́ jáde lọ tọ̀, mo máa ń ká táwẹ́ẹ̀lì gba abẹ́ ikùn rẹ̀, mo jìnnà sí ọgbẹ́, mo kàn dì í mú kó má baà ṣubú. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò nílò táwẹ́ẹ̀lì mọ́. Mo rò pé èmi ló nílò rẹ̀ jù lọ nígbà yẹn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ohun tí n kò retí ṣẹlẹ̀. Ó ń sùn, ó ṣàdédé fò dìde, ó ké, ó yí orí wo ibi tí ẹsẹ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Awọ èjìká rẹ̀ ń fò pì pì pì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbẹ́ ti jinná, kò wú, kò gbóná. Dókítà wo ìwé mi, ó ní ìrora ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ni: àwọn iṣan tí wọ́n gé ṣì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó gbé ìwọ̀n gabapentin sókè, ó sì ní a ò gbọdọ̀ já a lẹ́ẹ̀kan náà tó bá yá, díẹ̀ díẹ̀ ni a ó máa dín in kù. Mo ń fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ń fọwọ́ ra ibẹ̀. Nínú ìwé, ìgbà mẹ́ta lóru di ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ keje, mo jí bá a tó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ó ń hanrun. Látìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà, kò tíì fi ẹ̀gbẹ́ yẹn lélẹ̀ rí.

Ìrìn rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, pẹ̀lú okùn. A kò gba eré sísá tàbí àtẹ̀gùn láyè títí ọ̀sẹ̀ kẹfà fi pé. Ní báyìí, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún nìkan ló ń gbé ohun tí méjì ń gbé tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ iwájú ajá ló máa ń ru nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Nítorí náà mo dín oúnjẹ rẹ̀ kù títí mo fi lè fọwọ́ ka ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Alaalẹ́ ni mò ń tẹ orókùn ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún yẹn wò, bóyá ó gbóná tàbí ó le, mo sì ń gé èékánná rẹ̀ kó má baà máa yọ̀. Nígbà tí mo bá tẹ ibẹ̀, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ náà.