Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá ICC Lè Dá Ọmọ Orílẹ̀-èdè Tí Kò Sí Nínú Àdéhùn Róòmù Lẹ́jọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè bí Àdéhùn Róòmù, ìyẹn àdéhùn tí ó dá ICC (Ilé-ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé) sílẹ̀, ṣe lè de ọmọ orílẹ̀-èdè tí kò bá wọn ṣe é. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó hùwà ọ̀daràn ni ICC ń pè lẹ́jọ́, kì í ṣe orílẹ̀-èdè rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá dẹ́ṣẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ òfin onílẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ìwà náà ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Abala 12 àdéhùn náà sọ pé bí ó bá jẹ́ lórí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tàbí ti orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ṣùgbọ́n tí ó kọ̀wé pé òun gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ náà, ọ̀nà ti là. Ukraine kò tíì wọ ẹgbẹ́ nígbà tí ó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 2014 àti 2015, orí rẹ̀ sì ni àwọn adájọ́ dúró lé tí wọ́n fi pàṣẹ ní oṣù kẹta 2023 pé kí a mú Vladimir Putin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rọ́ṣíà kò sí nínú ẹgbẹ́. Ẹ má sì rò pé gbogbo ìwà náà gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú kan. Myanmar kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ní 2018 àwọn adájọ́ sọ pé lílé tí wọ́n lé àwọn Rohingya, ẹ̀yà kékeré kan ní Myanmar, dé Bangladesh, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wà lábẹ́ àṣẹ wọn. Lójú tèmi, ìpinnu yìí tọ̀nà, nítorí a kò lè lé ènìyàn kọjá ẹnubodè kí ìwà náà má dé ìhà kejì.

Ẹ wo ọjọ́ náà pẹ̀lú: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù keje 2002 kò kan ICC.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ náà wò dáadáa. Pípa ẹ̀yà run, ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn àti ìwà ọ̀daràn ogun tẹ̀lé ìlànà òkè yìí, àmọ́ gbígbé ogun ja orílẹ̀-èdè mìíràn yàtọ̀, nítorí Abala 15 bis yọ ọmọ orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Bí ìwà náà kò bá ṣẹlẹ̀ lórí irú ilẹ̀ tí Abala 12 sọ, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló kù tí ó lè fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ICC. Òun ló fi ọ̀rọ̀ Darfur ní Sudan ránṣẹ́ ní 2005 àti ti Libya ní 2011.

Ẹ tún wádìí bóyá orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn ń ṣe ẹjọ́ náà tọkàntọkàn fúnra rẹ̀, nítorí Abala 17 ní kí ICC yẹra fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.