Mo dá GRUB padà, àmọ́ ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ su

Àṣẹ méjì péré ló ń dá GRUB, ètò kékeré tó ń gbé ètò ìṣiṣẹ́ dìde nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, padà sórí díìsì. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi bá a fà á, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí pé GRUB gan-an kọ́ ló dá mi dúró.

Debian 12, irú Linux kan, àti ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn ló jọ wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo BIOS. Mo tún ètò kejì yẹn fi sórí rẹ̀, kò sì bi mí léèrè kó tó kọ kóòdù tirẹ̀ sínú MBR, ìyẹn báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí díìsì, níbi tí GRUB ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí mo ṣe tan ẹ̀rọ padà, Debian ti di àwátì. Fáìlì kankan kò sọnù, ọ̀nà àbáwọlé nìkan ló bàjẹ́. Mo fi Super Grub2 Disk tó wà lórí fláàṣì tan ẹ̀rọ, ó bá mi rí Debian, mo sì wọlé.

Inú terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ su, àṣẹ tó ń sọ èèyàn di root, ìyẹn ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà root sí i, àmì $ di #. Mo wá tẹ:

grub-install /dev/sda

Ó dá mi lóhùn:

bash: grub-install: command not found

Root ni mí, ó ní òun kò rí i! Mo bi apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń fi ètò sórí ẹ̀rọ, ó ní grub-pc, àpò GRUB fún ẹ̀rọ BIOS, wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó tuntun jù ú lọ. Gbogbo ìtọ́sọ́nà tí mo kà, ohun kan náà ni wọ́n ń wí: tẹ su, tẹ grub-install. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí n pa Debian rẹ́, kí n tún un fi sí látìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀, inú mi sì dùn gan-an pé mo kọ̀.

dpkg, irinṣẹ́ tí apt ń bá ṣiṣẹ́, ló tú àṣírí náà. Nígbà tí mo ní kí apt tún grub-pc fi sí, dpkg yarí, ó ní òun kò rí irinṣẹ́ ldconfig àti start-stop-daemon, ó sì fi kún un pé ó yẹ kí /usr/sbin àti /sbin wà nínú PATH root, ìyẹn àkójọ fódà tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ. Mo tẹ echo $PATH:

/usr/local/bin:/usr/bin:/bin:/usr/local/games:/usr/games

Fódà eré wà níbẹ̀, fódà irinṣẹ́ root kò sí! Mo tẹ ls /usr/sbin/grub-install, ó wà níbẹ̀ digbí.

Láti Debian 10, tó jáde ní 2019, su ti kúrò nínú àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní shadow, ó ti bọ́ sínú òmíràn tó ń jẹ́ util-linux. Su tuntun yìí máa ń sọ èèyàn di root, àmọ́ PATH ẹni tó pè é ló ń gbé wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ PATH root, su - ni kó tẹ̀. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ti kọ ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà káàkiri, kò sì sẹ́ni tó fi àmì kékeré yẹn kún un. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo tẹ exit, mo tẹ su -, mo tún grub-install pè, orí /dev/sda, ìyẹn díìsì lódindi, kì í ṣe /dev/sda1 tó jẹ́ apá kan rẹ̀. "Installation finished. No error reported." Mo fò sókè! Mo tẹ update-grub, tó ń tún mẹ́nù GRUB kọ, ó parí.

Ètò kejì kò kọ́kọ́ hàn nínú mẹ́nù, torí láti GRUB 2.06 ni wọ́n ti ń pa os-prober, irinṣẹ́ tó ń wá ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn lórí díìsì, mọ́. Ẹ kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sínú /etc/default/grub kí ẹ tó tẹ update-grub. Tí àṣẹ root mìíràn, bíi fdisk, usermod tàbí visudo, bá sì ṣe yín báyìí, ẹ wo PATH yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.