Bí a ṣe ń fi gíríìsì gba eyín ṣáàfù sípírókẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà là

Sípírókẹ́ẹ̀tì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, irin róbótó eléyín tó ń fa ṣéènì, kò wọ́n. Ara ṣáàfù, ọ̀pá irin tó gbé e, ni wàhálà wà: inú gíábọ́ọ̀sì ló ti yọ jáde, bí eyín ara rẹ̀ bá sì jẹ tán, àfi kí wọ́n la ẹ́ńjìnì sí méjì kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Eyín ṣáàfù àti eyín inú ihò sípírókẹ́ẹ̀tì wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fún pinpin. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí tọ́rótù tí ẹ sì dá a padà, wọ́n ń gbún ara wọn, pàápàá bí ẹ bá gbé èrò méjì àti àpò gàrí láti Ìkìrun wọ Òṣogbo. Bí irin bá ń họ irin láìsí gíríìsì, eyín á máa yòrò lọ díẹ̀díẹ̀, eruku pupa bí osùn á sì máa bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ohun tí ẹ nílò: spánà, kẹrosíìnì díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù (mo fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ), àkísà gbígbẹ, àti gíríìsì. Gíríìsì dúdú tí wọ́n kọ MoS2 sí lára agolo rẹ̀ ni kí ẹ rà. Nǹkan dúdú inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ irin kódà nígbà tí gíríìsì fúnra rẹ̀ bá ti fún jáde. Bí owó kò bá tó, gíríìsì béárìnì táyà á ṣe é, ẹ kàn máa tún un fi lemọ́lemọ́ ni. Ẹ má fi òìlì ẹ́ńjìnì àlòkù sí i. Kíá ló ń ṣàn lọ.

Gbé ọ̀kadà sórí sítáńdì àárín, tú kọ́fà tó bo sípírókẹ́ẹ̀tì, dẹ ṣéènì láti ẹ̀yìn. Kí ẹ tó tú sípírókẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọ̀kadà sí jíà, kí ẹ di sípírókẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ yí i síwá-sẹ́yìn. Bó bá ń yí kí ṣáàfù tó mì, àyè ti wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń ná níhìn-ín, irin pẹlẹbẹ kan àti bóòtù kéékèèké méjì ló dè é. Ẹ tú bóòtù, ẹ yí irin náà díẹ̀, á sì fà jáde.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ rèé. Wọ́n á rí eruku pupa, wọ́n á sì da gíríìsì lé e lórí. Eruku irin ni! Ó ti di oògùn tí ń lọ eyín nìyẹn. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ àárín eyín kọ̀ọ̀kan títí irin á fi dán, ẹ fọ inú ihò sípírókẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ nù wọ́n gbẹ. Ẹ má lo pẹtiróòlù: rọ́bà síìlì tó ń dí òìlì mọ́nú ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn ibẹ̀, pẹtiróòlù sì máa ń mú un wú.

Ẹ wá wo eyín ṣáàfù dáadáa. Bí orí wọn bá ti di ṣóńṣó, tàbí tí ìka yín kan ìtẹ̀ níbi tí sípírókẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, ó ti jẹ. Sípírókẹ́ẹ̀tì tuntun lè dín àyè náà kù, kó ra àkókò fún yín. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní kí ẹ gé agolo mílíìkì há a. Ẹni tó ní kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníwẹ́dà ló burú jù. Ooru wẹ́dà á jó síìlì, á sọ irin ṣáàfù tó le di rírọ̀, iná mànàmáná rẹ̀ sì lè gba inú béárìnì kọjá kó bà á jẹ́. Lọ́jọ́ tí sípírókẹ́ẹ̀tì náà bá gbó, kí lẹ fẹ́ fi tú u? Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n fi ayùn gé.

Gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi pa eyín méjèèjì, kí ẹ nu èyí tó bá yọ jáde, torí bó bá ta sórí ṣéènì, á kó iyanrìn. Sípírókẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán wọlé. Ẹni tó bá fi òòlù gbá a, béárìnì inú ló ń gbá. Bí kò bá wọlé, ẹ tún un fọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ti ọ̀kadà mìíràn ni wọ́n tà fún yín. Bí irin pẹlẹbẹ bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Spánà kúkúrú ni mo fi ń mú bóòtù méjèèjì, nítorí wọ́n yá kán.

Ṣéènì tó le jù máa ń fa ṣáàfù ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbéra sókè-sódò tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3.

Èmi máa ń ṣe é kí òjò tó mú, mo sì tún máa ń ṣe é kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé nínú oṣù Kẹjọ, torí èrò á pọ̀ nígbà náà, kò ní sáyè àtitú nǹkan. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi spánà dán bóòtù méjèèjì wò.