Bí Mo Ṣe To Ìwé Àwìn Oníléèsì Kan ní Ọjà Balógun

Màmá kan tó ń ta léèsì ní Balógun, ní Erékùṣù Èkó, ló ní kí n bá òun ṣírò ọjà àwìn òun ní ìparí ọdún. Àwọn alájàpá láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde ń kó ọjà lọ́wọ́ wọn, Màmá sì tún ń kó aṣọ ẹbí fún àwọn oníbàárà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹbí bá dáwó ni wọn yóò tó san. Ohun tí wọ́n bi mí kò gùn: "Ọmọ mi, sáà bá mi wò ó, ṣé mo jèrè àbí n ò jèrè?" Ìdáhùn ló ṣòro, nítorí pé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni èrè náà ṣì wà.

Inú ìwé ńlá elẹ́yìn líle kan ni wọ́n ń kọ orúkọ onígbèsè sí, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦9,150,000. Mo ṣí àkáǹtì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ínfọ́ìsì rẹ̀ sí apá òsì, èyí tó jẹ́ débíìtì, mo sì kọ owó tó ti san sí apá ọ̀tún, èyí tó jẹ́ kírẹ́díìtì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé báǹkì wá, tí mo ń wá ẹni tó ni owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, nítorí pé ẹni tó jẹ gbèsè kọ́ ló máa ń fi owó ránṣẹ́ nígbà gbogbo: ọmọ lè san fún ìyá, ẹni tó kó aṣọ ẹbí sì lè ní kí ẹbí rẹ̀ san tààrà, kí àlẹ́ẹ̀tì wá dé pẹ̀lú orúkọ tí Màmá kò gbọ́ rí. ₦750,000 irú owó bẹ́ẹ̀ ló wà ní báǹkì tí ẹnikẹ́ni kò yọ kúrò nínú gbèsè. Ẹ wo ìtìjú tí ì bá dá sílẹ̀ bí wọ́n bá ti lọ ká àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́lé nítorí owó tí wọ́n ti san!

Ó ku ₦8,400,000. Mo tẹ ìwé pélébé kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tí iye tó jẹ wà nínú rẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú. Àǹfààní èyí kọjá ti ìṣirò, nítorí pé lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún mẹ́fà péré ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó ní láti gbé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí onígbèsè bá buwọ́ lu ìwé pé òun jẹ ẹ́, tàbí tó san díẹ̀ nínú rẹ̀, kíka ọdún náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àwọn kan kọ̀ láti buwọ́ lù ú, mo sì fi àmì sí orúkọ wọn.

Àṣà Màmá ni pé títí ìrètí yóò fi pin, owó ni wọ́n ń ka gbogbo gbèsè sí. Bí wọ́n bá ta aṣọ láwìn ní oṣù Kejìlá, tó wá hàn ní oṣù Kẹjọ ọdún kejì pé ẹni náà kò ní san, ọdún kejì ni àdánù náà ń bọ́ sí, nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ ti gba gbogbo ògo èrè. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ń ṣi oníṣòwò lọ́nà. Ọjà àti àdánù tó bá a rìn, inú ọdún kan náà ló yẹ kí wọ́n wà, bí a kò bá tilẹ̀ tíì mọ orúkọ ẹni tí kò ní san. IFRS 9, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà ìṣirò owó tó wà fún àwọn iléeṣẹ́ káàkiri àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018, ní kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e ṣírò àdánù tí wọ́n ń retí láti ìgbà tí gbèsè bá ti wọ ìwé. Ìlànà náà kò de ṣọ́ọ̀bù bíi ti Màmá, ṣùgbọ́n mo yá èrò inú rẹ̀ lò.

Mo pín gbèsè náà bí ó ti pẹ́ sí. Èyí tí kò tíì ju 30 ọjọ́ lọ jẹ́ ₦4,000,000, mo sì fojú díwọ̀n pé ìdá 2 nínú 100 rẹ̀ kò ní wọlé. Ti ọjọ́ 31 sí 60 jẹ́ ₦2,000,000, mo fún un ní ìdá 5. Ti ọjọ́ 61 sí 90 jẹ́ ₦1,000,000, ìdá 15. Ti ọjọ́ 91 sí 180 jẹ́ ₦800,000, ìdá 40. Èyí tó ti lé ní 180 ọjọ́ jẹ́ ₦600,000, ìdá 75. Gbogbo rẹ̀ já sí ₦1,100,000. Inú ìwé àwọn ọdún tó ti kọjá ni mo ti fa àwọn ìdá wọ̀nyí yọ, nígbà tí mo wo irú gbèsè tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ àti iye tí wọn kò rí gbà níbẹ̀. Gbèsè aṣọ ẹbí yà mí lẹ́nu, torí pé ó máa ń pẹ́ ju ti alájàpá lọ, síbẹ̀ kì í sábà kú; ojú ẹbí ń ti ẹni tó kó aṣọ. Alájàpá tó bá ti kọjá 90 ọjọ́ ni kí a máa fura sí. Ìdá 30 ni ìwé àtijọ́ fi hàn fún ìpele yìí, èmi ni mo gbé e dé 40, nítorí pé owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń ra léèsì Austria àti ti Switzerland, àti láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó ọjà tí alájàpá tà lánàá kì í sábà tó ra òmíràn.

Mo wá kọ ₦1,100,000 náà sí débíìtì nínú àkáǹtì àdánù gbèsè, mo sì kọ ọ́ sí kírẹ́díìtì nínú àkáǹtì ìpèsè fún gbèsè oníyèméjì, ìyẹn iye tí a yà sọ́tọ̀ nínú ìwé fún gbèsè tó lè má wọlé. Wọn kò ní irú ìpèsè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi wọlé lẹ́ẹ̀kan; láti ọdún tó ń bọ̀, ìyàtọ̀ tó bá wà nìkan ni a óò máa kọ. Gbèsè tí a lè pè ní owó wá di ₦7,300,000.

Ọ̀rọ̀ wá kan obìnrin kan tó ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tí fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́, tó jẹ ₦250,000. Mo ní kí a yọ ọ́ kúrò. Màmá fárí gá: "Ṣé mo ní mo ti fi owó náà jì í ni?" Mo ní, "Rárá o, Mà, ìwé la fẹ́ tún ṣe, ẹ̀tọ́ yín kò lọ síbì kankan." Mo kọ ₦250,000 sí débíìtì ìpèsè, mo kọ ọ́ sí kírẹ́díìtì àkáǹtì àwọn onígbèsè. Gbèsè di ₦8,150,000, ìpèsè di ₦850,000, ìyókù sì tún jẹ́ ₦7,300,000 náà, torí pé àdánù ọ̀hún ti wà nínú ìṣirò tẹ́lẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọ̀tọ̀, mo sì sọ fún Màmá pé ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré tó wà ní Èkó láti ọdún 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ.

Ti owó-orí yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn agbowó-orí kì í gba ìdíwọ̀n àpapọ̀ bíi ₦1,100,000 yẹn. Gbèsè kan pàtó ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú orúkọ àti ẹ̀rí pé ó ti bàjẹ́ tàbí pé ó ń bàjẹ́ lọ. Mo ṣí fáìlì fún obìnrin náà, mo kó ínfọ́ìsì rẹ̀ àti gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi béèrè owó sínú rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí obìnrin náà tó yọjú pẹ̀lú ₦100,000. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kọ ọ́ bí ọjà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, mo ní kó dúró. A kọ́kọ́ dá ₦100,000 padà sí débíìtì àkáǹtì obìnrin náà, a sì kọ ọ́ sí kírẹ́díìtì ìpèsè. Lẹ́yìn náà ni a kọ owó náà sí débíìtì báǹkì àti kírẹ́díìtì àkáǹtì rẹ̀. Báyìí, ó hàn nínú àkáǹtì rẹ̀ pé ó padà wá san díẹ̀, Màmá yóò sì nílò àkọsílẹ̀ yẹn bí ó bá tún wá ra aṣọ láwìn.